Ohun Tí Òṣùwọ̀n Kò Lè Sọ fún Wa Nípa Ọ̀rá Ara

"Àbúrò, mo ti jò ní kíló 3!" Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe pariwo sí mi létí lórí fóònù nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́rú kan. Ó ń ta aṣọ lọ́jà Jagun níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oníbàárà rẹ̀ kan ló júwe tíì kan fún un tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá ikùn. Ọjọ́ Àìkú ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ó ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ara ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn torí ohun tí òṣùwọ̀n sọ.

Tíì tán. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tí kíló mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi padà dé, tí wọ́n tún mú díẹ̀ lé e. Ó tún pè mí, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe mí báyìí?"

Ẹnikẹ́ni kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa, torí pé a ti pa nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwọ̀n ara lọ̀tọ̀, ọ̀rá ara lọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, owó rẹ̀ á máa lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíì, ìbànújẹ́ á sì máa kù sọ́wọ́ òun.

Gbogbo ohun tó bá gun orí òṣùwọ̀n ló ń kà pọ̀: egungun, ẹ̀jẹ̀, omi, iṣan (ẹran ara tá a fi ń ṣiṣẹ́), ọ̀rá, ìgbẹ́ tó wà nínú ìfun, àmàlà àná tí kò tíì dà tán, títí kan aṣọ tá a wọ̀. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó fẹnu kan nǹkan, kẹ́ ẹ kọ iye tó bá sọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ya ẹnu píọ́ wọ́tà kan, kẹ́ ẹ mu ún tán, kẹ́ ẹ tún gùn ún. Mo ṣe é nínú yàrá mi: 74.3 ló kọ́kọ́ sọ. Ìgbà tí mo mu omi tán tí mo padà gun orí rẹ̀, ó di 74.8. Ìdajì lítà omi, ìdajì kíló. Ṣé mo ti sanra láàárín ìṣẹ́jú 2 ni? Rárá o. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ tí òṣùwọ̀n nìkan, ohun tí màá gbà gbọ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń lọ sókè sódò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kíló 1 sí 2 lè wọlé kó sì jáde láàárín ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ọ̀rá kankan yẹsẹ̀. Tá a bá jẹ ọbẹ̀ tó níyọ̀ lálẹ́, ara á di omi mú, òṣùwọ̀n á sì ga láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń wúwo díẹ̀ sí i nígbà tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, omi náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó ṣàlàyé èyí tó kù, torí pé gbogbo wa la mọ owó. Oúnjẹ tá a jẹ ni owó tó wọlé. Kálórì ni wọ́n fi ń ka agbára inú oúnjẹ, bí a ṣe ń fi náírà ka owó. Ohun tá a bá jẹ tá ò ná tán, ara kì í dà á nù, ó ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ọ̀nà méjì pàtàkì ló sì ń gbà tọ́jú ẹ̀. Èkíní dà bí owó tí màmá wa dì sí ìṣẹ́tí aṣọ, èyí tó lè tú nígbàkígbà láti fi san owó ọkọ̀. Irú ṣúgà kan ni, inú ẹ̀dọ̀ àti inú iṣan ló ń gbé, àwọn oníṣègùn ń pè é ní glycogen. Kì í pọ̀: lára àgbàlagbà, ó lè tó gíráàmù 400 sí 500. Èkejì ni àjọ tá a dá sọ́wọ́ alájọ. Ọ̀rá nìyẹn. Ìyẹn lè pọ̀ dé ibi tó bá wù ú.

Kí ọwọ́ tó kan àjọ, ara á kọ́kọ́ tú ìṣẹ́tí aṣọ. Ohun tó wá ń tan èèyàn jẹ ni pé ṣúgà ìṣẹ́tí aṣọ yẹn kì í dá gbé. Gíráàmù 1 rẹ̀ máa ń di omi bíi gíráàmù 3 mú. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ṣàdédé pa oúnjẹ tì, tó gbààwẹ̀ tàbí tó ní òun ò jẹ òkèlè mọ́, gíráàmù 500 yẹn á tán, omi gíráàmù 1,500 tó ń bá a gbé á bá ìtọ̀ lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀: kíló 2 gbáko ti lọ, a ò sì tíì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú àjọ. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá padà jẹun dáadáa, ìṣẹ́tí aṣọ á tún kún, omi á tún padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìpolówó ń pè ní iṣẹ́ ìyanu ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju èyí lọ.

Ní ti tíì ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀. Mo ní kó ka ara páálí rẹ̀ fún mi. Senna ló wà níbẹ̀, ewé tó wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀. Oògùn ìyàgbẹ́ ni, ìfun ńlá ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìfun kékeré ni ara ti ń fa agbára inú oúnjẹ, ìfun kékeré ló sì ṣáájú. Ìgbà tí senna bá fi máa jí ìfun ńlá, agbára inú ìrẹsì tá a jẹ ti wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ tipẹ́. Omi àti pàǹtí ló kù tó ń lé jáde. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tó bá ń wá lójoojúmọ́, á máa kó àwọn èròjà bíi potassium lọ, ọkàn wa sì nílò ẹ̀ láti lù déédéé.

Ká tiẹ̀ ní a ò mọ ohun tó wà nínú tíì, ìṣirò nìkan tó láti já irọ́ náà. Kíló 1 ọ̀rá ara ní agbára tó tó bíi kálórì 7,700. Kí kíló 3 ọ̀rá tó lè lọ, ara gbọ́dọ̀ ná ohun tó lé ní kálórì 23,000 ju èyí tó wọlé lọ. Obìnrin bíi ẹ̀gbọ́n mi ń ná nǹkan bíi 2,000 lóòjọ́ kan. Tí kò bá fẹnu kan oúnjẹ rárá láti Ọjọ́ Àìkú títí di alẹ́ Ọjọ́rú, 8,000 ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Báwo ni kíló 3 ọ̀rá ṣe fẹ́ lọ? Kò ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń sọ pé kíló ìdajì sí kíló 1 lọ́sẹ̀ ló bójú mu. Ẹni tó bá ń jò jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi àti iṣan ló sábà máa ń bá a lọ. Iṣan sì ni ohun tá ò gbọ́dọ̀ pàdánù, torí ara rẹ̀ ni agbára wa wà, ó sì ń ná kálórì bá a tiẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́.

Ó dáa, tí ọ̀rá bá wá lọ lóòótọ́, ibo ló ń gbà lọ? Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè yìí. Àwọn kan ní ó ń bá ìgbẹ́ lọ, àwọn kan ní òógùn ni, àwọn mìíràn ní ó ń di iṣan. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá máa ń jóná nínú ara bí epo ṣe ń jóná nínú fìtílà, ó ń di atẹ́gùn carbon dioxide àti omi. Nínú kíló 10 ọ̀rá tó bá lọ, bíi kíló 8.4 ló ń bá èémí jáde nímú àti lẹ́nu, ìyókù di omi. Ẹ̀dọ̀fóró ni ilẹ̀kùn tí ọ̀rá ń gbà jáde. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó di láìlọ́ọ̀nù mọ́ ikùn tí wọ́n fi ń sáré. Eré tí wọ́n ń sá dára, kí wọ́n má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òógùn tí láìlọ́ọ̀nù ń lé jáde yẹn, omi ni. Ife omi kan péré á dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń fún ikùn pọ̀: tí wọ́n bá tú u, ikùn á padà sí àyè ẹ̀. Eré ìdárayá ikùn nìkan náà kì í yọ ọ̀rá ikùn. Ó ń mú iṣan abẹ́ rẹ̀ le ni. Ara ló ń yan ibi tó ti máa mú nínú àjọ, àwa kọ́ la ń yàn án fún un.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló burú. Obìnrin nílò ọ̀rá ju ọkùnrin lọ, bí Ọlọ́run ṣe dá ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ, lápá, nítan àti nídìí, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ara lẹ́nu. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni èyí tó wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká. Òun ló ń ti èèyàn sọ́nà àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn. A ò lè fi ọwọ́ mú un bí a ṣe ń mú èyí tó wà lábẹ́ awọ. Ẹnì kan lè tẹ́ẹ́rẹ́ lápá àti lẹ́sẹ̀, kó jẹ́ pé inú ikùn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ kó sí.

Ibí yìí ni téèpù àwọn télọ̀ ti wúlò ju òṣùwọ̀n lọ. Ẹ dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ wá eegun ìhà tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá orí eegun ìbàdí, àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi téèpù yí. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́, ẹ má fa ikùn wọlé, kẹ́ ẹ wá kà á. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń lò ni pé tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80 fún obìnrin tàbí 94 fún ọkùnrin, ewu ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti kọjá 88 fún obìnrin tàbí 102 fún ọkùnrin, ewu náà ti pọ̀ gan-an. Ọ̀nà tó tún rọrùn ju ìyẹn lọ ni kéèyàn fi òwú wọn gígùn ara rẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kó ká òwú náà sí méjì, kó sì fi yí ikùn. Tí òwú náà kò bá yí ikùn ká, nǹkan wà tó yẹ kó ṣe.

Nípa BMI tí wọ́n ń pè fún wa ní ilé ìwòsàn, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń wo bóyá ìwọ̀n ara bá gígùn mu, ìwọ̀n yín ní kíló ni wọ́n ń fi gígùn yín ní mítà pín, wọ́n á tún fi gígùn náà pín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó wúwo ní kíló 82, tó ga ní mítà 1.62, tirẹ̀ á jẹ́ bíi 31. Láti 18.5 dé 24.9 ló dára, 25 sókè ti ń pọ̀ jù, 30 sókè ni wọ́n ń pè ní àsanjù. Ó wúlò, àmọ́ òun náà kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Bíríkìlà tó fi ọdún 10 gbé búlọ́ọ̀kù lè ní 27 kó má sì sí ọ̀rá púpọ̀ lára rẹ̀.

Èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ: "Ọwọ́ mi dí, kò sáyè." Mo gbà pé ọwọ́ wa dí. Ẹ̀gbọ́n mi ń jí ní aago 4:30, ó ń ṣe àwọn ọmọ, ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago 7, kò sì padà wọlé kó tó di aago 8 alẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo sì ṣọ́ ọ dáadáa. Orí àpótí ló wà látàárọ̀. Oníbàárà dé, ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ló dìde lọ já aṣọ wálẹ̀. Ó fẹ́ jẹun, wọ́n gbé e wá bá a. Ó ń lọ sílé, ọ̀kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ọpọlọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Kí ọwọ́ dí yàtọ̀ sí kí ara ṣiṣẹ́, òye yìí ló sì sábà máa ń sọnù lára wa.

Wọ́n ń ki ìlú wa ní Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Mo fẹ́ràn oríkì yẹn púpọ̀. Ẹni tó jẹ ọkà láàárọ̀ kùtù nígbà náà, oko ló ń lọ. Á fẹsẹ̀ rìn lọ, á kọ ebè títí oòrùn á fi kan àtàrí, á tún ru igi bọ̀ nílé. Ó ná ọkà yẹn tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa jogún ọkà, a ò jogún oko mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbèjà àmàlà tí wọ́n bá ń bú u. Àmàlà kì í sọ èèyàn di àsanjù, bẹ́ẹ̀ ni iyán àti ẹ̀bà. Àpọ̀jù rẹ̀ ni, àti ohun tó ń bá a rìn. Ẹ wo inú abọ́ ní bùkátéríà wa: àmàlà òkìtì mẹ́ta, ẹran kan, ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀, mínírà tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tàbí epo pupa ní bíi kálórì 120. Mínírà ìgò 50cl lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 12, kì í sì í yó èèyàn rárá. Tí mo bá ní kéèyàn yọ nǹkan kan ṣoṣo kúrò, mínírà ni màá kọ́kọ́ yọ, kò sí òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín àmàlà kù ní òkìtì kan, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja dí àyè rẹ̀. Gbẹ̀gìrì dáa, ẹ̀wà ni, ewédú dáa. Oúnjẹ tí purotéènì wà nínú rẹ̀, bí ẹja, ẹyin, wàrà àti mọ́ínmọ́ín, ń mú kí yíyó pẹ́ lára, ó sì ń dáàbò bo iṣan nígbà téèyàn bá ń jò. Pọ̀nmọ́ kò lè dípò wọn, bó ti wù kó dùn tó.

Kajú náà ń tan wá jẹ níbí, torí ó pọ̀ ní sàkání wa, ó sì dùn. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n gíráàmù 100 rẹ̀ lé ní kálórì 550. Ẹni tó bá jókòó ti ìgò kajú tàbí ẹ̀pà, tó ń fi panu títí ó fi jẹ ìdajì ìgò, ó ti jẹ oúnjẹ méjì láìmọ̀.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá jíjẹun lálẹ́ ló ń fa ikùn. Aago kọ́ ló ń sọ oúnjẹ di ọ̀rá, ebi tá a ti fi pamọ́ látàárọ̀ ni. Ẹni tí kò jẹ nǹkan kan títí di aago 9 alẹ́, kò sí bó ṣe máa mọ ìwọ̀n nígbà tó bá jókòó ti abọ́. Mọ́ínmọ́ín 1 tàbí ẹyin 2 pẹ̀lú ẹ̀kọ láàárọ̀ á tú ebi yẹn ká, wọ́n sì ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà kó tó di aago 7.

Oorun náà wà níbẹ̀. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán. Tí oorun kò bá tó, họ́mọ́ọ̀nù tó ń pe ebi á pọ̀ sí i, èyí tó ń sọ pé a ti yó á dín kù, ẹnu á sì máa wá ohun dídùn kiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tí wọ́n ń kàwé mọ́jú ní àdúgbò Under-G mọ ohun tí mò ń sọ: kì í ṣe ẹ̀fọ́ ni ọkàn ń fà sí ní aago 2 òru.

Ìwọ̀n eré ìdárayá tí WHO ní kí àgbàlagbà ṣe lọ́sẹ̀ kò kéré sí ìṣẹ́jú 150, irú ìrìn tó ń mú èémí yára díẹ̀ téèyàn ṣì lè sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 ni. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 lọ́sàn-án, 10 lálẹ́, ara á kà á. Wọ́n tún fi kún un pé kéèyàn fún iṣan níṣẹ́ ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀.

Ohun tá a jọ pinnu pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi kò gba owó. Ó ń sọ̀ lórí ọ̀kadà ní Tákíè, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn èyí tó kù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dìde já aṣọ wálẹ̀ fún oníbàárà. Tí ọjà bá dá, á dìde lórí àpótí, á tún jókòó, nígbà 10, láìfi ọwọ́ ti orúnkún. Mínírà di ọjọ́ Àìkú nìkan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kó tó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Mo sì sọ fún un pé tí ara bá ń jò láìjẹ́ pé èèyàn ń ṣe nǹkan kan, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń wú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Èyí tó nira jù fún un ni ẹnu ará ọjà. Tí èèyàn bá sanra níbí, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, tó bá jò díẹ̀, wọ́n á fa èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi í pé, "Ṣé kò sí o?" Oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Ó ní òun dáhùn pé òun ń rìn ni.

A ò gbé òṣùwọ̀n kúrò nílé, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń gùn ún, láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tán, kó tó jẹun. Téèpù ló gbọ́kàn lé. Ó ń lo èyí tó fi ń wọn aṣọ fún oníbàárà, ó sì ń fi bírò kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn ìwé gbèsè rẹ̀, lóṣooṣù. Oṣù àkọ́kọ́, 103. Oṣù kejì, 102, inú ẹ̀ kò dùn. Oṣù kẹta, 99. Oṣù kẹrin, 97, òṣùwọ̀n sì ní kíló 4 péré ló lọ. Lọ́jọ́ yẹn ni ó kó síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ bá télọ̀ kó bá òun fún wọn wọlé.